Orúkọ Ọlọ́rúkọ Tí Mo Jẹ́ ní Stockbridge

Ó dìgbà kan ná, Màmá. Ẹ ti lọ, ẹ ò sì mọ orúkọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ètò ìsìnkú yìí, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ àjèjì wà láàárín ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Aunty Bísí, ọmọbìnrin Màmá, ló ní dandan ni kí n kọ tèmi. Mo ní ẹnu mi ò gbà á. Wọ́n ní ẹnu tó gba ògì Màmá á gba ọ̀rọ̀. Ni mo bá jókòó, mo kọ ọ́.

Awakọ̀ tó ń pín ẹrù kiri ilé ni mí. Lọ́jọ́ tí yìnyín bo gbogbo Atlanta mọ́lẹ̀, ó yẹ kí n ti padà sílé mi ní West End, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí kì í fẹ́ kí ọ̀gá rí òun bí ọ̀lẹ. Mo wakọ̀ wọ àdúgbò yín ní Stockbridge. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé yín, táyà yọ̀, van fì sínú kòtò, fóònù mi náà kú. Mo kan ilẹ̀kùn mélòó kan. Aṣọ fèrèsé mì, kò sẹ́ni tó ṣí. N kò dá wọn lẹ́bi, wọn ò mọ̀ mí rí. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ yín, n kò mọ ìka ọwọ́ mi lára mọ́. Ẹsẹ̀ mi tún yọ̀, mo ṣubú yakata lórí àtẹ̀gùn yín.

Láti inú ilé ni mo ti gbọ́ "Pẹ̀lẹ́ o." N kò tiẹ̀ ronú tí mo fi ní, "Ẹ ṣé, mà." Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní, "Wálé, o ti dé? Òtútù yìí á pa ọ́ o, wọlé."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá á mọ ohun tó dé bá mi. Bí àgbà bá ṣì wá pè, a máa ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni, a kì í já àgbà nírọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo kọ́kọ́ pe tèmi náà. Ká sòótọ́, òtútù ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ní èmi kọ́ ni Wálé, ilẹ̀kùn á padé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo sì wọlé.

Màmá, bí mo ṣe jẹ oúnjẹ ọmọ yín nìyẹn. Ẹ ki ọwọ́ mi bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ìró yín wé mi lẹ́sẹ̀. Ẹ po ògì gbígbóná, ẹ fi mọ́ínmọ́ín sí i. Mo fẹ́ ṣàlàyé ara mi, ẹ ní, "Ebi ò lórúkọ. Jẹun ná." N kò mọ̀ pé iyè yín ti ń ra, n kò sì mọ̀ pé Aunty Bísí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni yìnyín há mọ́ ibi iṣẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Fóònù yín dún. Bọ̀ọ̀dá Wálé gan-an ni, àkọ́bí yín, láti Ìbàdàn, ẹni tí wọn ò fún ní fíísà léraléra. Ó ti gbọ́ nípa yìnyín, ó fẹ́ mọ bí ìyá òun ṣe wà. Ó ní, "Màmá mi, Wálé ni o." Ẹ ní, "Wálé wo? Wálé ló ń mu ògì níwájú mi yìí. Ìwọ ta ni?" Ẹ sì pa fóònù. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo gbé ife ògì sẹ́nu.

Nígbà tí Aunty Bísí délé, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní kí n máa bọ̀, torí ẹ kì í jẹun dáadáa àfi tí "Wálé" bá wà níbẹ̀. Ni mo bá ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú. Ẹ ń fọwọ́ pa mí lórí, ẹ ń kì mí ní Àkànní, oríkì ọmọ yín, èmi tí ìyá mi ń kì ní Àjàní. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ mi. Bí Bọ̀ọ̀dá Wálé bá pè, ẹ ó ní kí n bá yín lé ẹlẹ́tàn yẹn kúrò lórí fóònù. Ẹlẹ́tàn náà sì rèé lórí àga yín, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Lẹ́yìn tí ẹ sùn tí ẹ ò jí mọ́, Bọ̀ọ̀dá Wálé pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi bí ẹni pé ó ń rí mi, mo ní mo ti dọ̀bálẹ̀, kó dárí jì mí. Ó ní, "Àbúrò, dìde. Màmá pe Wálé, ẹnìkan sì jẹ́. Tí wọ́n bá pè, tí ilé dákẹ́ ńkọ́?" Ó tún wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní ó bú mi ni, ìbá tù mí lára.

Wọn ò fún un ní fíísà láti wá sin yín náà. Mọ̀lẹ́bí ní kí èmi bu iyẹ̀pẹ̀ tí àkọ́bí máa ń bù. Màá bù ú, Mà, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ orúkọ yẹn lójú ibojì. Mo ti cháàjì fóònù mi dáadáa, kò ní kú lọ́tẹ̀ yìí. Màá kúnlẹ̀, màá gbé e sún mọ́ yín. Ẹ ó gbọ́ ohùn kan láti Ìbàdàn tó máa ní, "Màmá mi, Wálé ni o." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Òun ni.

Èmi ni Dámiláre, ọmọ tó ń gbé ẹrù ká, tí ẹ bọ́ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ dá ọmọ yín lóhùn ná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sùn re o, Màmá Wálé.