Wáyà Dúdú Tí Mo Gé

Olórí kunkun ni mí, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ alágbàfọ̀ ní Dópẹ̀mú, ní kí n wá nǹkan ṣe sí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wọn. Mo ra kọ̀mpútà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, mo so ó mọ́ súìṣì, kí wọ́n lè máa fi fóònù tan ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì máa fi pa á.

Wáyà pupa ni iná ń gbà wọlé, dúdú ló ń gbà padà. Òun ló yẹ kí n gé, kí n so mọ́ súìṣì. Ṣùgbọ́n pupa kúrú, dúdú gùn. Mo gé dúdú. Ṣebí èyí tó wù kó já, ẹ̀rọ á ṣáà kú.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, ẹ̀rọ ń ké, kò fa omi. Mo tẹ fóònù, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kẹ́tùrù wá láti fún un lómi mu kó lè fà, bí a ti máa ń ṣe.

"Yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri ná," ni wọ́n wí.

"Kí wá ni kọ̀mpútà wà fún? Ó ti kú! Ẹ̀yin náà, àríyànjiyàn ṣáá!"

"Èmi lò ń jágbe mọ́? Ìwọ tí mo pọ̀n!"

Ariwo wa gba gbogbo ọgbà. Wọ́n fi ìbínú bọ́ sínú omi ìfọṣọ tó wà nílẹ̀ láìwọ bàtà, wọ́n di ẹ̀rọ mú láti ṣí ìdérí rẹ̀.

Iná gbé wọn. Pupa ṣì ń gbé iná wọnú ẹ̀rọ tó dákẹ́ yẹn! Ara wọn ń gbọ̀n, eyín wọn pa pọ̀, ohùn ò jáde. Yéè! Mo fa igi tí wọ́n fi ń ro aṣọ yọ, mo fi lu ọwọ́ wọn. Kò tú. Mo tún un lù. Lẹ́ẹ̀kẹta, egungun dún, wọ́n sì ṣubú.

Àwọn aládùúgbò tó ti ń gbọ́ ìjà wa bá igi lọ́wọ́ mi. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Ẹnìkan gbá mi létí, òmíràn fi bàtà tẹ̀ mí lọ́rùn, ẹlòmíì gba igi, ó fi fọ́ mi lórí. Ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú.

"Ọmọ burúkú! Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń lù pa!"

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo láti ilẹ̀. "Òun ló gbà mí lọ́wọ́ iná!"

Ọwọ́ yẹn san, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò lè fún aṣọ mọ́. Síbẹ̀, kò sí àlejò tí ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ fún pé èmi ni mo gba ẹ̀mí àwọn là. Wọ́n á ṣàdúrà fún mi, èmi náà á ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì tí iná gbé wọn, kí n tó lọ wò wọ́n ní ọsibítù, mo ti yọ́ lọ so dúdú padà, mo gé pupa. Mi ò tíì sọ fún wọn dòní.