Ẹnu Ni Wọ́n Ń Wò

Ètè kíkùn ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní ilé ìwé àwọn adití ní Ìsọlọ̀. Ètè mi fẹ́lẹ́, àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kì í sì í rí i dáadáa. Mo bá ra lípsíìkì pupa, mo ń kùn ún láràárọ̀ kí n tó kúrò ní yàrá tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin háyà ní Òṣòdì. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ti ya aṣẹ́wó. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kó ẹrù lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa fun fèrè sí mi bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn létí títì. Mo máa ń ṣépè fún wọn lábẹ́lẹ̀, n ó sì máa bá tèmi lọ.

Olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni wọ́n pè mí. Tíṣà á máa sọ̀rọ̀ níbi tó jókòó sí, èmi á dúró níwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ́ sí mi lójú, n ó máa fi ẹnu tún ohun tó bá sọ sọ, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, kí àwọn ọmọ lè fi ojú kà á. Ọwọ́ lílò jẹ́ èèwọ̀. Wọ́n ní òyìnbó kan ló sọ pé bí adití bá ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kò ní kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu láéláé. Nítorí náà, àwọn ọmọ á jókòó lé ọwọ́ wọn bí ẹni pé ọwọ́ náà jalè, wọ́n á sì tẹjú mọ́ ẹnu mi. Àwọn méjì tó ń gbọ́ díẹ̀ nínú wọn gbé àpótí kékeré kan tí wọ́n fi ń gbọ́ràn kọ́ àyà, okùn rẹ̀ wọ etí, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, kò sì sẹ́ni tó ń ra òmíràn. Ìgbà yẹn ni owó epo ń ṣàn ní Èkó. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lánàá á gbé ọkọ̀ tuntun wálé lónìí, tẹlifíṣọ̀n wọ ilé tí kò ní ṣáláńgá. Bátìrì adití nìkan ni kò sí.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ń ṣọ́ géètì ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Mi ò ní purọ́, ọmọ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Òun ló máa ń bá mi jà tí mo bá sọ̀rọ̀ yára jù. Á na ìka sí ètè mi, á fi ojú bá mi wí, á ní kí n tún un sọ. Ó lè ka ẹnu ẹni tó dúró lódìkejì títì. Lọ́jọ́ kan, ó kọ ohun tí obìnrin méjì tó ń kọjá níta ń sọ nípa ìdí mi sórí síléètì fún mi, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló rí ọmọ náà, tó ní kò sí òṣìṣẹ́ tó dà bí adití: ariwo ẹ̀rọ kò ní dà á láàmú, kò sì ní máa bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá gbéra, ó wá bá mi nílé ìwé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ṣé ọmọ yìí lè yege ìdánwò ìwé mẹ́fà?"

"Á yege, Bàbá. Ó mọ̀wé ju èmi gan-an lọ."

"Tó bá yege, màá jẹ́ kó lọ sílé ìwé tó kàn. Tí ò bá yege, ẹ má bẹ̀ mí o. Ọ̀gá ò ní dúró dè mí."

"A ò ní bẹ̀ yín, Bàbá."

Ọmọ náà dúró láàárín wa, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, ó tún ń wo tèmi. Kò sí ohun tó fò ó ru níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kì í jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán tán kó tó fà mí lọ sídìí pátákó.

Àpèkọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nínú ìdánwò náà, ìyẹn kí olùṣèdánwò máa ka ìwé sókè, kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá wa obìnrin, olùdarí ilé ìwé, pé kó bá àwọn tó ń ṣètò ìdánwò sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n dúró níwájú àwọn ọmọ wa. Ó ní òun ti sọ fún wọn. Mo gbà á gbọ́, torí pé àgbàlagbà ni, kò sì sí ìpàdé àdúrà tí kì í lọ.

Ilé ìwé ńlá kan lápá Òṣòdì ni wọ́n kó wa lọ, ọ̀gá wa náà bá wa lọ. Wọ́n pín àwọn ọmọ wa márààrún tó fẹ́ ṣèdánwò sáàárín àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ọkùnrin tó wá ka àpèkọ wọ safárì tuntun, bàtà rẹ̀ ga bí àpótí, irunmú bò ó lẹ́nu. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó wo ètè mi, ó ní kí n bọ́ síta, pé kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún òun nípa adití. Mo wo ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lọ dúró lójú fèrèsé níta. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ká ní ó dúró sójú kan ni, ọmọ tèmi ì bá rí i kà, tòun ti irunmú ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn fún àwọn tó ń gbọ́ràn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn má bàa ní àwọn ò gbọ́. Ó ń kà á lọ, ó ń rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì. Àwọn ọmọ wa sì ṣe ohun tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn: wọ́n yí orí tẹ̀lé ẹnu. Ibi tí ọkùnrin náà bá yà sí, ibẹ̀ ni ojú wọn ń yà sí. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò tíì rí ẹni tí òwe náà bá mu tó àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Olùṣèdánwò rí i pé wọ́n ń wẹ̀yìn. Ohun tó gbà ni pé ìwé àwọn tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń jí wò. Ó kìlọ̀ fún wọn, láti ẹ̀yìn níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn rí i bí gbogbo kíláàsì ṣe ń wò wọ́n, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n dorí kodò, wọn ò sì kọ nǹkan kan mọ́. Ọmọ tèmi kò dorí kodò. Ó ti rí gbólóhùn méjì kà, ó fẹ́ rí ìkẹta. Ó yí gbogbo ara padà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìwé rẹ̀ lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ọkùnrin náà wá bá a, ó fa ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi bírò pupa fa ìlà kọjá gbogbo ojú ìwé náà, ìyẹn ni pé ó ti fagi lé ìdánwò rẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, adití ni. Ẹnu yín ló ń wò, kì í ṣe ìwé ẹnikẹ́ni."

"Adití wá ń ṣe kí ni nídìí àpèkọ?"

"Ẹ fún un níwèé ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ dúró síwájú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, sà. Á kọ gbogbo ẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni, Àǹtí elétè pupa? Òjóró lẹ̀ ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá tún sọ̀rọ̀ kan, màá gba tàwọn tó kù."

Ọ̀gá wa ti dé ẹ̀yìn mi. Mo rò pé ó wá gbè mí ni. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ fún ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé ló ń ṣe é." Ó fà mí lápá jáde. Níta, ó ní kí n fara balẹ̀, pé ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà wa, pé a ò lè torí ọmọ kan bá wọn jà, àti pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo bi í pé ta ni omi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, mo sọ fún un pé nínú gbogbo adití ilé ìwé wa, òun ni olórí wọn. Mi ò tọrọ àforíjì títí dòní.

Bàbá ọmọ náà kò pariwo nígbà tí mo lọ bá a ní géètì. Mo ṣàlàyé títí, ó ń mi orí.

"Àǹtí, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ kò yege náà ni. Ẹ sì ti ní ẹ ò ní bẹ̀ mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn níbẹ̀, tírélà ń wọlé, tírélà ń jáde. Ó ní kí n dìde, kí aṣọ mi má bàa bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó tó oṣù díẹ̀ kí n tó tún rí i. Mo dúró dè é nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ ń jáde. Òun àti àwọn obìnrin tó ju ìyá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí ló jọ jáde, òwú funfun lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rọ ti ń ba etí tiwọn náà jẹ́. Ó rí mi. Mo ti múra ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀: pé a lè tún ìdánwò náà ṣe, pé mo ti rí ẹnì kan tí yóò bá wa sọ̀rọ̀, pé kó má sọ̀rètí nù. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀, mo la ẹnu.

Ó di ojú.

Ẹni tó ń gbọ́ràn lè gbójú síbòmíràn kó sì máa gbọ́ ẹ síbẹ̀. Bí adití bá ti di ojú, kò sí ibi tí o fẹ́ gbà wọlé mọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá, àwọn òṣìṣẹ́ ń yà fún wa lọ́tùn-ún lósì. Kò sá, kò tì mí, ó kàn dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ dì pinpin, títí mo fi pa ẹnu mi dé. Nígbà náà ló tó lajú, tó sì bá tirẹ̀ lọ.