Síkírátù àti Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ẹtì

Lánàá ni ọmọ ọmọ mi obìnrin wo bàtà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀, ó yínmú, ó ní, “Háà, bróò, o ti lókà jù!” Wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń ṣa ẹ̀wà lórí àga kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun sí mi, aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà tiwa, búùṣì, ìyẹn ará oko, là ń pè é, mo sì ti fi ẹnu ara mi pe ẹni tí kò yẹ kí n pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Òkokomáìkò tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni mo ń sọ. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ìlú nígbà náà ni. Katapílà ń wó igi àgbọn lulẹ̀ kí títì Bàdágìrì lè rí ọ̀nà kọjá, eruku pupa sì ń bo gbogbo aṣọ tí ìyá mi bá sá. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó sìmẹ́ńtì láti èbúté. Láàárín ọdún kan péré a ní fíríìjì, a ní tẹlifíṣàn onílẹ̀kùn, bàbá sì ra díṣọ́nárì ńlá kan fún mi. Ó wúwo débi pé ìyá mi máa ń gbé e lé ọmọrí agbada gàrí kí adìẹ má baà ṣí i.

Búùṣì ni èébú ìgbà náà. Bí o bá fi ọwọ́ jẹ ìrẹsì, búùṣì ni ọ́. Bí bàtà rẹ kò bá ga nílẹ̀, búùṣì. Ìyàwó landlọ́ọ̀dù wa, tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé láìpẹ́ jọjọ, kò ní èébú mìíràn lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi ni Síkírátù. Láti Ọ̀tọ̀-Àwórì ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá síléèwé, bàbá rẹ̀ ní oko àgbọn. Irun olówùú ló máa ń dì, iyanrìn kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Àwórì ògidì ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ́pọlọ jù mí lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Tíṣà wa ti ṣèlérí pé bó bá yege ìdánwò àṣekágbá, òun fúnra òun yóò bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kó lè lọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìdánwò ku oṣù mẹ́ta. Gbogbo Sátidé ló ń wá sílé wa wá ka díṣọ́nárì, tòun ti àgbọn lọ́wọ́ fún ìyá mi.

Sátidé kan, ó ní kí a wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú òun. A rí i: igi kékeré eléwé púpọ̀, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ro. Àwọn ìbátan rẹ̀ tò sábẹ́ rẹ̀, títí dórí irùngbọ̀n tó kún dí bí igbó. Búùṣì-mítì, ẹran ìgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, kò sí níbẹ̀ rárá, ó sì ká wa lára. Síkírátù pàtẹ́wọ́.

“Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń sọ! Kí ló wá burú níbẹ̀?”

Mo mọ ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tíṣà wa a máa ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wá. A ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, a ó sì fi ṣe gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá ti mú, ẹlòmíì kò gbọdọ̀ mú un mọ́. Ní Ẹtì tó tẹ̀lé e, ọmọkùnrin tó ṣáájú mi mú ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan há sórí. Tíṣà pè mí. Búùṣì nìkan ló kù lórí mi. Mo ka ìtumọ̀ rẹ̀ gere, mo ka tàwọn ìbátan rẹ̀, kò wú ẹnikẹ́ni lórí.

“Gbólóhùn ńkọ́?”

Síkírátù ń rẹ́rìn-ín sí mi láti bẹ́ǹṣì iwájú, inú rẹ̀ ń dùn pé ọ̀rọ̀ tí a jọ kà ni. Mo wò ó lójú, mo wá sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán pé búùṣì gẹ́ẹ̀lì ni Síkírátù.

Kíláàsì dàrú. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, ó sì fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Síkírátù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá tẹ orí ba, ó ń fi èékánná ha bẹ́ǹṣì. Inú mi dùn. Ọlọ́run mọ̀, inú mi dùn títí mo fi délé.

Láti ọjọ́ Ajé ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń pè é nídìí kànga, wọ́n ń pè é lórí pápá, àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní gan-an ń pè é. Kò bá mi jà. Kò kàn wá sílé wa ní Sátidé mọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò wá síléèwé mọ́. Ìyá mi bi mí pé, “Ọ̀rẹ́ rẹ dà?” Mo ní wọ́n ti kó lọ. Irọ́ ni, irọ́ burúkú. Ọ̀nà tó ń rìn lójoojúmọ́, n kò rìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ó tó ogójì ọdún kí n tó tún rí i, ní Ìyànà-Ìbà, nídìí àdí àgbọn tó ń tà. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ń pariwo, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì tòsí ibẹ̀.

“Wá kí màmá. Ọ̀rẹ́ mi nìyí! Díṣọ́nárì rẹ̀ ni mo fi mọ ìwé díẹ̀ tí mo mọ̀.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. “Mọ́mì, kí ló wá dé tí ẹ fi fi iléèwé sílẹ̀?”

Síkírátù wò mí. Kò wò mí pẹ́.

“Iṣẹ́ àgbọn ló pọ̀ fún bàbá wa nígbà yẹn, jàre,” ló wí, ó sì ń nu ìgò rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mi ò sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ra àdí tí mo sì yí padà. Igbó tó wà láàárín ilé wa àti tiwọn ti di ilé, ó ti di ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó ń bú ẹnikẹ́ni ní búùṣì mọ́. Ohun tí mo ṣe ni kò tíì gbó, torí ọmọ yẹn ṣì gbà títí dòní pé àgbọn ló dá ìyá òun dúró nílé.