Ìjókòó Kan Nínú Bààlúù Ọjọ́ Ẹtì

Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ erékùṣù náà rí, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ iye ìgbésẹ̀ tó wà láàárín yàrá kẹta àti etí òkun. Mo mọ ọjọ́ tí búrẹ́dì máa ń dé sí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Mo mọ ibi tí èèyàn máa dúró sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mú. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni láàárín Òkun Pàsífíìkì, ó kéré débi pé ẹ ní láti la ojú yín dáadáa kí ẹ tó rí i nínú máàpù. Inú yàrá mi ní Festac ni mo ti ń gba àlejò fún wọn.

Kí iṣẹ́ yìí tó dé, mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù ní ọ́fíìsì kan ní Raji Rasaki Estate. Ọ̀gá wa kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kánádà lọ́jọ́ kan, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo wá iṣẹ́ kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí mo fi pàdé obìnrin kan tó ń wá ẹni tó máa bá bàbá àti ìyá rẹ̀ dá àlejò lóhùn. Yàrá méjì péré ni ilé àlejò wọn ní nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá kan lókè òkun, ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú bààlúù sí ọ̀dọ̀ wọn, kò sì ráyè. Ọjọ́ orí wa fẹ́ẹ̀ dọ́gba. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun mú mi ni pé mo tètè ń fèsì. Ẹni tó dàgbà sí Èkó tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tètè fèsì, ebi ló máa pa á.

Láàárín ọdún mẹ́ta, yàrá méjì di mọ́kànlá. Mo máa ń fi yangàn. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán etí òkun yẹn, èmi ni mo ń bẹ àwọn àlejò kí wọ́n fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún. Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá fún àlejò. Màmá tó ni ilé náà máa ń kọ̀wé sí mi pé àlejò ti ra búrẹ́dì tán kí àwọn tó dé ṣọ́ọ̀bù, pé wọ́n ń ya fọ́tò àwọn níbi tí àwọn ti ń gbàdúrà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ìlọsíwájú nìyẹn. Bààlúù tó ń lọ síbẹ̀ kì í lọ ju ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì lọ. Tẹ́lẹ̀, ìdajì rẹ̀ máa ń ṣófo. Ó wá di pé ẹni tí kò bá tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì kò ní rí ìjókòó.

Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé lọ́dọ̀ wọn, mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ Màmá wọlé. Wọ́n ní ọkọ àwọn kú ní ìdájí. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn àlejò tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ àwọn tó gbà mí síṣẹ́ náà. Àwọn ti pè é, ó gbé e, ohùn àwọn kò jáde, àwọn sì pa fóònù.

Bàbá yìí, tí ọmọ wọn ń pè ní Papa, ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò káàkiri. Wọ́n máa ń fi fọ́tò ẹja ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Mo yọ áyọ́ọ̀nù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Ti àwọn àlejò kò le. Mo kọ ọ́ sí wọn gbangba pé onílé ti kú, mo sì wá yàrá míì fún wọn lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ti ọmọ ló dà mí láàmú. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Mo lọ bá Dádì mi ní pálọ̀.

"Dádì, wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ ẹ̀."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ìwọ? Lórí fóònù?"

"Èmi náà ni. Kò sẹ́lòmíì."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ níbi tó wà?"

"Ó ń dá gbé ni."

"O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ o. Ṣé kó dákú síbẹ̀ ni? Sọ fún un pé ara bàbá ẹ̀ ò yá, kó máa bọ̀ nílé. Tó bá ti délé, àwọn àgbà á mú un jókòó, wọ́n á sọ ọ́ fún un."

Ìdílé Dádì wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ ní Àmúwò, Dádì sì ni ẹbí máa ń rán bí wọ́n bá fẹ́ túfọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà nìyẹn. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí àbúrò Dádì wá mú mi ní kíláàsì, tí wọ́n ní Mọ́mì fẹ́ rí mi. Wọ́n ra bisikíìtì fún mi lọ́nà. Títí a fi dé ilé ẹbí ní Abúlé Adó, ìyá mi ṣì wà láàyè lójú tèmi. Mi ò bínú sí wọn rí. Mo kà á sí ìfẹ́ ni.

Torí náà mo kọ ọ́ sí i pé ara Papa kò fi bẹ́ẹ̀ yá, Màmá sì fẹ́ kó máa bọ̀ nílé. Yorùbá tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó tó kà á dé ìdí ni yóò ti káwọ́ lérí. Obìnrin yìí fèsì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní Papa kì í tọ́jú ara rẹ̀, ó ti pẹ́ tóun ti ń sọ ọ́. Ó ní abájọ tí Màmá fi pe òun tí wọn ò sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa gba ìsinmi níparí oṣù, òun á wá.

Níparí oṣù kẹ̀? Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ sin òkú. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í kán mi. Ìjókòó mẹ́rin ló ṣófo nínú bààlúù ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i lójú láptọ́ọ̀pù mi, bààlúù náà sì gbéra láìsí i nínú rẹ̀.

Mo tún kọ̀wé. Mo ní ara wọn kò yá rárá, kó wá lọ́jọ́ Ẹtì, kó má jẹ́ kó di ọjọ́ míì. Ó ní ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀? Mo ní Màmá ní kó máa bọ̀. Ó wá gbà. Kò pé wákàtí kan tó fi padà wá sọ pé bààlúù ọjọ́ Ẹtì ti kún.

Mo mọ̀ pé ó ti kún. Mọ́kànlá nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀, àlejò tèmi ni wọ́n. Èmi tí mò ń fi bààlúù tó kún yangàn, mo ti fi ọwọ́ ara mi gba ìjókòó lọ́wọ́ ọmọ olóòkú.

Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́rú, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti fẹ́ẹ̀ tán. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta káàdì létí Second Avenue, tó máa ń tan jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, tí mo kọ̀wé sí àwọn mọ́kànlá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọmọ bàbá tó kú kò rí ọkọ̀ wọ̀, wọn yóò sìnkú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo bẹ ẹni tó bá lè fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Àjèjì ni wọ́n, kò sí ohun tí mo ń dáàbò bò lára wọn.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tọkọtaya kan ní ó dun àwọn gan-an, ṣùgbọ́n ọdún méjì làwọn ti ń gbèrò ìrìn àjò náà. Òmíràn béèrè bóyá yàrá tuntun tí mo fún un kọjú sí òkun. Ọ̀rọ̀ burúkú kún ẹnu mi, mo sì gbé e mì, nítorí èmi ni mo pè wọ́n pé kí wọ́n wá. Ẹni mẹ́wàá kọ̀. Ó di ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, mo ń wo ojú láptọ́ọ̀pù bí ẹni ń wo ojú aláìsàn. Ẹni kọkànlá jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá rìnrìn àjò. Ó ní kí ọmọ náà gba ìjókòó òun, òun á lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn onílé-iṣẹ́ bààlúù sì ní àfi kí àwọn méjèèjì pàdé níwájú káńtà kí àwọn tó lè pààrọ̀ orúkọ.

Ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ fún ọmọ náà nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo délé, mo tún béèrè lọ́wọ́ Dádì. Wọ́n ní, "Kó máa sunkún nínú bààlúù láàárín àwọn tí ò mọ̀ ọ́n? Fi í sílẹ̀ kó délé." Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ẹ̀rù mi mu. Mo kọ̀wé sí i pé ìyá kan ti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kó tètè dé pápákọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àárọ̀ Ẹtì lọ́dọ̀ wọn, mo gbé fóònù sórí itan, mi ò lè jẹun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé.

"Obìnrin tó fún mi níjókòó dì mọ́ mi. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn bàbá mi. Kí ló ń sọ?"

Mọ́kànlá àjèjì ló mọ̀ pé bàbá ẹni yìí ti kú, èmi ni mo sì sọ fún gbogbo wọn. Mo fẹ́ tún parọ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù láti kọ ọ́. Ó tún kọ ọ́ pé wọ́n ti ń pe àwọn èrò wọlé, kí n dá òun lóhùn.

Mo kọ ọ́ pé Papa kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá ní kí n sọ fún un, mi ò sọ ọ́.

Mo rí i pé ó ti kà á. Ó ní, "Oògùn wọn ló kún báàgì mi yìí." Lẹ́yìn náà, fóònù rẹ̀ kú.

Ó bá ìsìnkú. Mo wá gbọ́ pé Màmá ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ọmọbìnrin Èkó ti bá àwọn sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè é láti dà á láàmú mọ́. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí i, mo ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é nílé wa àti ìdí rẹ̀. Ó ní ó yé òun. Kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Yàrá mẹ́rìnlá ni wọ́n ní báyìí, bààlúù náà sì ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń kọ ìròyìn sí i, iye àlejò tó wọlé, ohun tó bàjẹ́, bí ara Màmá ṣe wà. Màmá fúnra wọn ló sọ fún mi, tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín, pé nígbàkigbà tí mo bá ti kọ ọ́ pé ara àwọn le, ọmọ àwọn á pe aládùúgbò kan, á ní kó sáré lọ wò ó bóyá ìyá òun ṣì ń mí.