Ojú Ewé Mẹ́ta Tí Mo Gbé Mì Nínú Ìwé Àkànbí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, síbẹ̀ bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi ṣì máa ń rí mi lára. Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ni o! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Sabon Gari ní Kano ni wọ́n bí mi sí. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ìyá mi sì ń ta aṣọ tó ń lọ rà lọ́jà Kantin Kwari.

Láyé ìgbà yẹn, ìwé ìtàn Yorùbá ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló máa ń bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Ìbàdàn. Àwọn Yorùbá Kaduna á kọ́kọ́ kà á, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ti Zaria, àwọn ti Zaria á wá fi ránṣẹ́ sí wa. Àwa la máa ń rí i kẹ́yìn, pẹ̀lú ìdọ̀tí ọwọ́ gbogbo ayé lára rẹ̀! Ìlú tó bá kà á tán á kọ lẹ́tà, wọ́n á sọ bí ìwé náà ṣe rí lára wọn, wọ́n á sì fi í sẹ́yìn ìwé. Òfin ni pé a kò gbọdọ̀ ṣí lẹ́tà wọ̀nyí àfi bí àwa náà bá kàwé tán, kí wọ́n má baà ba ìtàn jẹ́ fún wa. Bàbá Gáàdì, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gáàdì rélùwéè, ló máa ń fi wọ́n sápò.

Èmi ni òǹkàwé. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù o! Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, bí o bá bá wọn sọ Yorùbá, Hausa ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Ìyá mi kò gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Torí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àgbà àti ọmọdé á jókòó sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á dúró níwájú, màá máa kà. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń fún mi ní ìwé, kí n lè kọ́kọ́ kà á nílé, kí n má baà máa kólòlò lójú àwọn àgbà.

Ìwé Àkànbí ló dùn mọ́ wa jù. Ọmọkùnrin kan ni Àkànbí, tó ń gun òṣùmàrè lọ sí àwọn ìlú tó wà lókè ìkùukùu, òun àti Àṣàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń tiro. A ti ka mẹ́ta. Àkànbí ti bá ẹyẹ onírin jà, ó ti gba oòrùn lọ́wọ́ olè, kí ni kò ṣe tán? Àṣàbí ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. “Jẹ́ ká lọ,” “Ṣọ́ra,” ó parí. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì sọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan wà láàárín wa tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Àǹtí Dúpẹ́ ni. Yóò tó ọmọ ọdún méjìlélógún. Ibà kan ló mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ láti kékeré, wọn kò sì rán an lọ sílé ìwé, wọ́n ní ọ̀nà jìn. Hula, fìlà àwọn Hausa, ló máa ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí, àwọn Alhaji sì máa ń ti àdúgbò Fagge wá rà á. Bí mo bá ti dárúkọ Àṣàbí báyìí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á dúró.

Nígbà tí ìwé kẹrin dé, a gbọ́ pé ìtàn náà kò lọ síwájú, ẹ̀yìn ló padà sí: ìgbà tí Àkànbí àti Àṣàbí wà ní kékeré, kí wọ́n tó mọ òṣùmàrè gùn rárá. Àǹtí Dúpẹ́ di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, “Tóyìn, èyí á sọ ọ́, àbí? Á sọ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe dà bẹ́ẹ̀?”

Mo ní á sọ ọ́.

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣíọ̀!

Mo jókòó sórí àpótí ní àgbàlá wa ní Sátidé yẹn, mo ń ka orí kejì, tuwo mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ gbọ́ o! Àkànbí ló tì í! Àwọn méjèèjì ló gun igi àgbálùmọ̀, ó ku ẹyọ kan lórí igi, Àṣàbí ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Àkànbí tì í. Ọmọ ọlọ́mọ já lulẹ̀ láti òkè igi, ó ń pariwo ẹsẹ̀ rẹ̀, Àkànbí sì jókòó sórí ẹ̀ka, ó jẹ àgbálùmọ̀ náà tán, ó lá ọwọ́ rẹ̀, kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó wá gbé e délé, ó ní ẹsẹ̀ ló yọ̀. Gbogbo ìlú ń yìn ín pé ó ṣeun tó gbé e wálé!

Ó lá ọwọ́ o. Ibẹ̀ gan-an ni èébì ti gbé mi. Mo ju ìwé náà sílẹ̀, mi ò kà á kọjá ibẹ̀, mo ti tuwo sẹ́yìn. Ìyá mi bi mí bóyá inú ń run mí, mo ní rárá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹnu èmi ni gbogbo Sabon Gari ti gbọ́ pé akọni ni ọmọ yìí. Ó rí mi lára débi pé ojú ewé ọ̀hún gan-an, tí nǹkan ràkọ̀ràkọ̀ kan ti gbẹ mọ́, mo fi èékánná ha á títí, mo rò pé ọbẹ̀ ló ta sí i.

Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ṣé ẹ lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí Àǹtí Dúpẹ́ létí?

Èmi kò lè ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, tí mo dé ibi igi àgbálùmọ̀, mo ní ọyẹ́ ló fẹ́. Mo ní ẹ̀ka ṣẹ́, Àkànbí sáré di Àṣàbí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ já. Ó bọ́ lẹ́nu mi bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Àfi bí mo ṣe ṣí ìwé, tí mo rí i pé ojú ewé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Àṣàbí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń fi ìbínú bá Àkànbí wí. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé e ṣubú, ta ló wá ń bínú sí? Mo ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ń ka ìtàn lọ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí Dúpẹ́ fi etí aṣọ nu ojú. Ó rọra ní, “Afẹ́fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.” Inú mi dùn, mo sì rò pé mo ti ṣàánú!

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì, mo kà á tán. Bàbá Gáàdì kó lẹ́tà jáde nínú àpò. Ṣé ẹ ń bi mí bóyá mi ò rántí lẹ́tà? Mo rántí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Kaduna kì í ju ìkíni lọ, ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ìwé náà dùn, ó dìgbóṣe. Mi ò mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, inú ti bí wọn.

Bàbá Gáàdì wúkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Àwọn ará Kaduna ní ìwé náà rí wọn lára. Wọ́n ní ìyá kan lọ́dọ̀ wọn tó ń fi Àkànbí ki ọmọ rẹ̀ ti ní òun kò kì í bẹ́ẹ̀ mọ́, pé òun kò ní fi oríkì ẹni tó ń ti ọmọ ọlọ́mọ lulẹ̀ láti orí igi pe ọmọ tòun. Wọ́n bi wá léèrè pé àwa ará Kano, báwo la ṣe gbé tiwa mì?

Ẹnì kan ní, “Ta ló ti ta?”

Bàbá Gáàdì kò tíì lóye, ó ṣí lẹ́tà Zaria. Àwọn yẹn bẹ̀ wá nípa àbàwọ́n ojú ewé kẹtàlélógún. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ka ibi tí Àkànbí ti ń lá ọwọ́, bàbá àgbà kan gba ìwé náà láti fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì fi obì ẹnu rẹ̀ tutọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn fi àkísà nù ún, kò lọ.

Ah! Itọ́ obì arúgbó ni mo fi èékánná ha!

Bàbá Gáàdì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá oríṣi ìwé méjì ni wọ́n tẹ̀. Mo ní, “Rárá, sà.” Mo wá jẹ́wọ́.

Ariwo sọ. Ìyá kan ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, àánú ló ṣe é. Bàbá kan ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá olè jí oòrùn gan-an? Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀, torí Àǹtí Dúpẹ́ kò gbé ojú kúrò lára mi.

Ó ní, “Gaskiya nake so. Òótọ́ ni mo fẹ́. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́.”

Bàbá Gáàdì kà á. Nígbà tó dé ibi ọwọ́ lílá, àwọn obìnrin pòṣé, ẹnì kan bo ẹnu. Ladi, ọmọ aládùúgbò wa, fò sókè: “Kai! Tir da shi!”, ìyẹn ni pé ìríra ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bá a wí pé ó ń sọ Hausa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá tó bèèrè ọ̀rọ̀ oòrùn ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ náà mọ́ láé.

Ó wá ka ojú ewé mẹ́ta tí mo gbé mì. Àṣàbí sọ fún Àkànbí pé òun kò fẹ́ ẹkún rẹ̀. Ó ní òun kò dárí jì í, òun kò sì mọ ọjọ́ tí òun máa dárí jì í. Ó ní bó bá ń lọ sókè ọ̀run, òun á bá a lọ, kì í ṣe torí ìfẹ́, torí pé òun náà fẹ́ rí ibẹ̀ ni, àti pé òun kò ní jẹ́ kó dá nìkan lọ kó wá máa padà bọ̀ bí akọni láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo “Jẹ́ ká lọ” inú ìwé mẹ́ta yẹn, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn!

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Àǹtí Dúpẹ́. Ó ní kí n dìde. Kò pariwo rárá.

Ó ní, “Tóyìn, àwọn tó wá tọrọ mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ mi, wọn kò padà wá. Ìyá mi ní wọ́n ti kó lọ sí Jos. Mo máa ń rí wọn lọ́jà níbí! Mo ṣe bí ẹni gbà á gbọ́ kí inú ìyá mi má baà bàjẹ́. Gbogbo yín lẹ máa ń bá mi wá afẹ́fẹ́. Àṣàbí kò sọ̀rọ̀ nínú ìwé mẹ́ta. Ọjọ́ tó wá la ẹnu, ìwọ lo fi ọwọ́ bò ó. Àkànbí gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwọ gba ẹnu rẹ̀. Èwo ló sàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Ojú tí gbogbo èèyàn fi ń wo Àkànbí ní gbọ̀ngàn náà, ojú náà gan-an ló fi wò mí. Ó kó abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀, ó tiro jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá Gáàdì pé kó kọ́ òun ní A, B, D. Kó tó di pé ìwé karùn-ún dé, ó ti mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí wọ́n na ìwé náà sí mi, ó ní òun lòun máa kà á. Ó kólòlò, ó ń pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ Ìsinmi méje ló fi kà á, kò sì sẹ́ni tó kùn. Ó máa ń kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ jó níbi ìgbéyàwó mi. Ṣùgbọ́n títí mo fi kúrò ní Kano, kò jẹ́ kí n ka ohunkóhun sí òun létí mọ́, kódà àkọlé tó wà lára páálí òwú.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí nǹkan bá rí wa lára, ẹ jẹ́ kó rí ẹni kejì wa lára náà. Òun náà ní ikùn tó lè gbé e. Èmi rò pé mo ń bo ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni láṣírí, àṣé ìtìjú tèmi tí mo pe Àkànbí ní akọni ni mò ń bò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Akọni inú ìwé wo ló bàjẹ́ mọ́ yín lójú? Ta ló ti fi àánú parọ́ fún yín rí, kí lẹ sì sọ fún un lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ parọ́ náà, ẹ kọ ìyẹn náà.