Fíìmù Ni Àbúrò Mi Fi Ń Kọ́ Wọn Ní Lítíréṣọ̀

Fíìmù kan kó mi nírìíra lónìí débi pé mi ò tíì lè jẹun.

Àbúrò mi obìnrin, olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ló ní kí n wá wò ó.

Nínú fíìmù náà, wọ́n kó àwọn akọni inú oríṣiríṣi ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ayé Ọbabìnrin Fikitóríà jọ, pé kí wọ́n gba ayé là. Ọ̀mọ̀wé kan tí kò gbé ju gègé lọ nínú ìwé tirẹ̀, ìbọn ló ń yìn kiri níbẹ̀!

Mo ní, "Èyí ò sí nínú ìwé o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ta ló tún ń kàwé? Fíìmù yìí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìwé ọ̀mọ̀wé yẹn. Ìdánwò wọn ti dé tán."

Háà! Mo ní èmi fúnra mi á mú ìwé náà lọ fún wọn lọ́la. Ló bá bínú wọlé.

Ẹ̀yin òbí, ṣé mo ṣàṣejù ni?