Ilẹ̀ Tẹ̀tẹ̀ Wa àti Iná Oòrùn

Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn wa ní Glenn Dale, nílùú òyìnbó níbí, ni ilẹ̀ náà wà. Èmi àti ìyá kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá la ń gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wá bá ọmọbìnrin mi tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ti dàgbà báyìí, wọn ò nílò mi mọ́. Ilẹ̀ yẹn ló kù tó ń jí mi láàárọ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ní iná tí kò ní èéfín nínú ni gbogbo ilé máa lò tó bá yá. Ó dáa. Mo mọ èéfín jẹnẹrétọ̀, ó ṣì wà nínú àyà mi láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe é pọ̀: kí wọ́n gbé sólà sórí òrùlé, kí wọ́n gbé e sí pápá, kí wọ́n fa iná atẹ́gùn wá láti orí òkun. Ìjọ wa sì ní pápá, inú rẹ̀ ni oko wa wà. Àwọn kan ti wá wọ̀n ọ́n.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìjọ, kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ọmọ mi ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì ni, ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀. Wọn ò tíì gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán tó fi sùn lọ lórí àga.

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ìjọ fẹ̀ ju pápá lọ, ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì ń kún. Ẹ ri òpó irin síbẹ̀, ẹ gbé sólà lé e lórí, kí ọkọ̀ náà rí ibòji. Pápá yẹn, amọ̀ líle ni nígbà tí a bá a. Ọwọ́ wa ló sọ ọ́ di ilẹ̀ oko.

Àwọn ènìyàn ń dìde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú máìkì. Ìyá ẹlẹgbẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí.

"Ẹ dìde, ẹ lọ sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé sọ tiwọn tán. Wọ́n á pe àgbà."

"Ta ni yóò pè yín? Òyìnbó tó ń darí ìpàdé yìí mọ̀ yín rí?"

"Ṣé kò rí ewú orí mi ni?"

"Ewú wo? Wíìgì dúdú lẹ dé wá."

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Àgbà kì í bá ọmọdé du ọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Mo jókòó, mo to tèmi sẹ́nu. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ ti ibi ìgbọ́kọ̀sí bí ẹni pé ó wà nínú mi. Àwọn tó pe ìpàdé ní irin rẹ̀ máa wọ́n, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan láti Glenarden ní ilé tí òun háyà lòun ń gbé, òun ò ní òrùlé tòun. Bí sólà bá dé pápá, irú àwọn òun náà á lè pín nínú iná rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ bó ṣe rẹ ọmọ mi.

Obìnrin tó ń darí ìpàdé dúpẹ́, ó pa máìkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga.

Mo jí ọmọ mi, a lọ bá a. Ó ní àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni àwọn pè, ṣùgbọ́n a ṣì lè fi ọ̀rọ̀ wa ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò tètè jí mi?"

"Ó ti rẹ̀ ọ́ jù."

Nínú ọkọ̀, ó mú fóònù jáde. "Ó yá, ẹ máa sọ ọ́, mò ń tẹ̀ ẹ́."

Mo la ẹnu, mo rántí obìnrin Glenarden yẹn, mi ò lè ní kí wọ́n má fọwọ́ kan pápá. Mo ní kó kọ ti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kí wọ́n jẹ́ ká kórè kí wọ́n tó wú ilẹ̀.

"Ṣé ó parí síbẹ̀?"

"Ó parí. Jẹ́ ká lọ sùn."

Pápá ni wọ́n mú. Wọ́n jẹ́ ká kórè, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Bí a ṣe ń já ewé tó kẹ́yìn, ìyá ẹlẹgbẹ́ mi ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Mo ní kó lọ wí i fún katakata tó ń bọ̀ wá wú ilẹ̀.

Mo ṣì ń jí ní àsìkò oko, bí kò tilẹ̀ sí oko mọ́. Mo máa ń tan gílóòbù ilé ìdáná, màá sì jókòó sábẹ́ rẹ̀.